Bàbá Tó Ń Fi Ẹ̀yìn Ti Ògiri

Láti ọjọ́ tí bàbá mi àgbà ti kú ni àwọn èèyàn ti ń yìn wọ́n létí mi, gbogbo àwọn tó ń yìn wọ́n náà ni mo sì ń fura sí. Ẹni tí kò kí wọn rí ní ọjà Rye Lane ti di ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́. Ẹni tó ń pè wọ́n ní òyìnbó ọ̀mùtí lẹ́yìn ti ń nu ojú gbígbẹ. Mummy mi ní kí n kọ nǹkan tó dùn-ún gbọ́ tí wọ́n máa kà níbi fídáù, ṣùgbọ́n èyí tí mò ń kọ yìí kọ́ ni wọ́n máa kà. Kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi o. Ọ̀dọ̀ Bàbá gan-an ni mo ti kọ́ ìfura, ẹni bíni là á sì jọ.

Ará Scotland ni Bàbá. Ewan ni orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n, Yésúfù ni orúkọ tí wọ́n fi kú. Agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n nígbà èwe, ọwọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń gbá: àwọn ló máa ń dúró níwájú gólì tí wọn kì í jẹ́ kí ọ̀tá ráyè kọjá. Bọ́ọ̀lù ló gbé wọn wá sí London, sí kíláàbù kan ní apá gúúsù níbí tí mi ò ní dárúkọ. Orókún tó yẹ̀ lórí pápá ló wá gbé wọn dé ilé ìwòsàn tí ìyá mi àgbà ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìyá Àgbà máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ń sọ ohun tí Bàbá kọ́kọ́ bá wọn sọ. Kò sí "báwo ni", kò sí "o ṣeun". Bàbá wo ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ti dì, wọ́n wo Ìyá Àgbà, wọ́n ní, "Kí lo fi sínú báńdéèjì yẹn?"

Bàbá kì í jókòó síbi tí ẹ̀yìn wọn bá ti ṣí sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, níbi ìsọmọlórúkọ, lọ́dọ̀ dókítà, àga tó fi ẹ̀yìn ti ògiri tó sì kọjú sí ilẹ̀kùn ni tiwọn. Bí ẹlòmíràn bá ti wà níbẹ̀, wọ́n á dúró tì í, wọ́n á máa wò ó títí ara á fi ni ín. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tán, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé nítorí àwọn díńgí ni. Iṣẹ́ wo ló tún wà láyé tí èèyàn á ti máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á tún máa sanwó fún un? Lọ́jọ́ tí mo gboyè ní New Cross, gbogbo àga tó wà lẹ́bàá ògiri ti kún. Bàbá dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tòun ti orókún wọn tó ti bàjẹ́. Mummy ń bẹ̀ wọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "Daddy, please, ẹ jókòó, gbogbo èèyàn ń wò wá." Bàbá kò tiẹ̀ yíjú. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá máa ṣe ọ́ níbi, ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé."

Ìyá Àgbà ló kọ́ wọn ní Yorùbá, àwọn méjèèjì ló sì kọ́ èmi náà, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, nínú ilé tí council kọ́ síbi tí North Peckham Estate àtijọ́ wà. Tí Bàbá bá ń lọ ra iṣu, mo máa ń tẹ̀ lé wọn, nítorí ìran ni. Wọ́n á tẹ orí iṣu, wọ́n á tẹ ìdí rẹ̀, wọ́n á gbé e sétí bí ẹni pé ó fẹ́ jẹ́wọ́. Uncle tó ni ṣọ́ọ̀bù náà bú sẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ wá buy iṣu ni àbí ẹ wá arrest ẹ̀?" Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé iṣu náà padà, wọ́n mú òmíràn, wọ́n ní, "Iṣu tó dáa kì í bínú tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́."

Èmi obìnrin ni wọ́n kọ́ ní bọ́ọ̀lù nínú ilé wa, nítorí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò ní sùúrù fún ọwọ́ ẹ̀yìn. Góòlù ni wọ́n fẹ́ máa gbá wọlé. Lórí koríko tó wà lẹ́yìn ilé, Bàbá á gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n á ní kí n dí wọn lọ́nà, wọ́n á sì tàn mí jẹ léraléra, arúgbó tí kò lè tẹ orókún. Mo ń wo ẹsẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, àwọn ń gba òsì lọ. Mo bínú, mo jókòó sílẹ̀, omijé ti ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó la ọ̀rọ̀ náà yé mi. "Má wo ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ń tan ni. Má wo ojú, ojú náà ń tan ni. Ìbàdí ni kó o máa wò. Ibi tí ìbàdí bá kọ sí ni èèyàn ń lọ."

Èèyàn tó lóye á fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí pápá. Bàbá gbé e wọ gbogbo ọ̀rọ̀ ayé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú ọ̀rẹ́kùnrin wálé, ọmọ Forest Hill, ọmọ dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bá wọn sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ó jẹ oúnjẹ Ìyá Àgbà tán. Gbogbo wa ń yọ̀. Bàbá ń wò ó láti orí àga wọn. Nígbà tó lọ tán, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Wọ́n ní, "Oúnjẹ dé ikùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò kan àga." Mo bá wọn jà fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí oṣù náà tó parí, ọmọ Forest Hill ti lọ.

Àṣírí ló tún pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn. Ìyá àgbàlagbà òyìnbó kan ń dá gbé nísàlẹ̀ ilé wa. Tí yìnyín bá bọ́, Bàbá á jí, wọ́n á gbá àtẹ̀gùn ìyá náà mọ́, wọ́n á da iyọ̀ sí i kó má baà yọ̀ ṣubú, wọ́n á sì padà wọlé bí olè. Ìyá náà gbà pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì òun ló ń ṣe é, ó tún ń yan kéèkì fún wọn. Èyí dùn mí. Mo ní màá sọ fún un. Bàbá di apá mi mú, ọwọ́ wọn le bí igi, wọ́n ní, "Bó o bá sọ ọ́, o ti jẹ ẹ́." Mo rò pé òwe Scotland ni. Mo wá a kiri lórí fóònù, mi ò rí i. Mo bi Aunty Morag, àbúrò Bàbá, àwọn náà ní àwọn ò gbọ́ ọ rí.

Aunty Morag yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti wọn. Scotland ni wọ́n ń gbé, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì máa ń wá kí wa. Etí àga ni wọ́n máa ń jókòó sí, kóòtù wọn kì í kúrò lọ́rùn wọn. Tíì tiwọn wà nínú fláàsì, búrẹ́dì tiwọn wà nínú báàgì. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò rí i kí wọ́n fi ahọ́n kan oúnjẹ ilé wa, kódà omi. Ìyá Àgbà á gbọ́únjẹ, wọ́n á gbé e síwájú Aunty, oúnjẹ náà á tutù. Mo gbà pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n. Ìyá Àgbà ní rárá, wọ́n ní ó lóhun tí àwọn fi ṣẹ̀ ẹ́, àwọn ò kàn mọ̀ ọ́n ni.

Ẹni kejì tó ń fura sí ilé wa ni Alhaji Múdà, olórí àwọn tó ń wẹ òkú ní mọ́ṣáláṣí wa. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n ní sí Bàbá. Àkọ́kọ́ ni pé orí àga ni Bàbá ti máa ń kírun, wọn kì í forí kanlẹ̀. Orókún ni, gbogbo ayé ló mọ̀ pé orókún ni, ṣùgbọ́n Alhaji ní ìgbéraga òyìnbó ni. Ẹ̀sùn kejì ni pub, ilé ọtí àwọn òyìnbó. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Bàbá máa ń lọ wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ gbá a láyé àtijọ́. Mo ti tẹ̀ lé wọn lọ rí, mo sì ti tọ́ ohun tó wà nínú ife wọn wò, nítorí èmi náà ń fura. Omi atalẹ̀ ni, ó ń ta lọ́nà ọ̀fun, kò sí ọtí kankan nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Alhaji dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. "Bàbá Yésúfù, mo rí yín ní pub lọ́jọ́ Saturday o."

"Èmi náà rí yín, Alhaji," ni Bàbá dáhùn. "Kí lẹ wá débẹ̀?"

Alhaji yí padà, agbádá wọn ń gbá atẹ́gùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé omi atalẹ̀ ni!" Bàbá wọ bàtà wọn jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n tún fi dá mi lóhùn: "Bó o bá sọ ọ́, o ti jẹ ẹ́."

Mo wá dé orí ohun tó ń dùn mí jù. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ, lápá New Cross, nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé. Arúgbó kan tó wé ìborùn kíláàbù mọ́rùn nàka sí Bàbá lójú gbogbo èrò, ó ní, "Ọ̀mùtí! Ìwọ lo bà á jẹ́ fún wa!" Ó wá ń rò ó fún èmi ọmọdé. Ó ní lọ́jọ́ kan láyé àtijọ́, nígbà tí kíláàbù wa ń bá àwọn aládùúgbò wa fagagbága, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹnikẹ́ni ò tíì gbá góòlù wọlé. Bàbá nìkan ló kù lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ tí ọmọ kékeré lè dá dúró. Bàbá ta gọ́ọ́gọ́ọ́, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀. Alátakò rìn kọjá lára wọn, ó gbá a wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni kíláàbù lé wọn. Àhesọ gbòde pé ọtí ni wọ́n mu wá síbi eré, kò sì sí kíláàbù ńlá tó tún gbà wọ́n. Inú ẹrẹ̀ àwọn kíláàbù kéékèèké ni wọ́n ti parí bọ́ọ̀lù wọn.

Bàbá tẹ aago bọ́ọ̀sì, wọ́n dìde. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo béèrè bóyá ọtí ni lóòótọ́. Wọ́n ń wo ẹ̀yìn wa bóyá ẹnì kan ń tẹ̀ lé wa. Wọ́n ní, "Ìbàdí mi ni kó o wò."

Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn oníbọ́ọ̀lù ní ọ̀mùtí ni wọ́n, àwọn oníkírun náà ní ọ̀mùtí ni wọ́n, ẹgbẹ́ méjì tí kò mọra wọn rí. Èmi tí mo fẹ́ràn wọn ju ẹnikẹ́ni lọ, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Bàbá kú láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, lórí àga wọn, ẹ̀yìn wọn sí ògiri. Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Dókítà ti kọ ìwé, ilẹ̀ ti wà, ọjọ́ kejì la fi ìsìnkú sí. Mummy pe Aunty Morag. Mo gbọ́ ohùn wọn nínú fóònù láti ibi tí mo dúró sí: "Ọ̀la? Kí lẹ̀ ń sáré fún? Kí lẹ fẹ́ bò mọ́lẹ̀?" Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n àwọn.

Nígbà tí a gbé Bàbá dé yàrá ìwẹ̀kú ní mọ́ṣáláṣí, Alhaji Múdà wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò tíì ká apá aṣọ wọn.

"Ẹ má bínú, Mummy," ni wọ́n sọ fún Ìyá Àgbà. "Èmi ni Ọlọ́run máa bi. Tí mo bá wẹ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tí a tún kírun sí i lára, what will I say? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ẹ̀sìn?"

"Bàbá mi, Àfáà Ìwó. Pálọ̀ wọn ni."

"Wọ́n ti kú."

"Èmi náà wà lẹ́yìn kọ́tìnì."

"Ìyàwó wọn ni yín, Mummy. Ìyàwó ò ní ṣe kó má gbe ọkọ ẹ̀."

Mummy mi ní ọmọ wọn ni àwọn, ojú àwọn ni wọ́n ṣe ń gbààwẹ̀. Alhaji ní ọmọ náà á gbe bàbá ẹ̀. Ọ̀dọ́ ni lémọ́ọ̀mù wa, ojú Alhaji ló ń wò. Ibẹ̀ ni Aunty Morag bá wa, pẹ̀lú kóòtù àti báàgì wọn, láti ibùdókọ̀ ojú irin tààrà. Wọ́n ní tí a bá ṣe nǹkan kan fún ẹ̀gbọ́n àwọn, ọlọ́pàá ni àwọn máa pè kí wọ́n wá dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Àwọn tiwa kò fẹ́ gbà wọ́n, àwọn tiwọn fẹ́ gbà wọ́n lọ. Ẹni tó ti ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹlòmíràn láti kékeré, kò wá sí ẹni tó máa ṣọ́ ẹ̀yìn tiwọn lọ́jọ́ tí wọn ò lè dìde.

Ìyá Àgbà ló sún mọ́ Aunty Morag. "Morag, kí ni mo ṣe fún ẹ? Sọ ọ́ lónìí, kí n gbọ́."

Aunty Morag bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì Scotland wọn kò wọ Alhaji létí, nítorí náà èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó wà níbẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ ọ pé kó kórìíra wa. Mo wọkọ̀ ojú irin wá wo eré rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú yẹn. October ni, ìgbà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní họlidé kí wọ́n lè lọ wa pọ̀tétò lóko, ìyẹn ni mo fi ráyè. Ìyá wa ṣe páì ẹran àgùntàn, mo gbé e dání. Mo pàdé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu géètì kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kò jẹ ẹ́. Mo gbé tíì fún un, kò mu ún. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò lórí pápá, mo sáré lọ bá a. Ètè rẹ̀ ti bó. Mo gbé omi sí i lẹ́nu, omi lásán, ó pa ẹnu dé, ó yíjú sí ògiri. Wọ́n ní ó mutí. Irọ́ ni! Mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀, gbígbẹ ló gbẹ. Ṣùgbọ́n kò gba omi lọ́wọ́ èmi àbúrò rẹ̀. Ẹ ti sọ fún un pé ohun tó bá tọwọ́ wa wá ti di ìdọ̀tí. Láti ọjọ́ yẹn ni èmi náà ti pinnu pé mi ò ní jẹ nǹkan yín."

Kí n tó túmọ̀ rẹ̀ dé ìparí, Alhaji Múdà gbé ọwọ́ sókè.

"Sọ ibi omi yẹn again."

Mo tún un sọ.

"Ọdún wo nìyẹn?"

Ìyá Àgbà ló dáhùn, wọ́n rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń jí lójú oorun. "Ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó wa. Inú àwẹ̀ ni kíláàbù lé wọn. Bí wọ́n ṣe lé wọn tán la ṣọdún ìtúnu àwẹ̀. Mi ò sì rí wọn ní gbogbo àwẹ̀ yẹn, bàbá mi ti ní kí wọ́n má yọjú sílé wa títí á fi parí."

Wọ́n wá àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ní láti ẹ̀yìn kọ́tìnì ni àwọn ti gbọ́ ohun tí Àfáà Ìwó sọ fún Bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀sìn. Àfáà náà ń fura, ó rò pé nítorí ọmọ òun lọ̀dọ́kùnrin yìí ṣe ń wá Ọlọ́run. Ó ní, "Ti ẹnu rọrùn, Yésúfù. Tó o bá ń kírun, èèyàn á rí ẹ. Tó o bá ń ṣe sàráà, èèyàn á rí ẹ. Àwẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run ń dá rí. Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó o bá sọ ọ́, o ti jẹ ẹ́."

Ohun tí Àfáà ní lọ́kàn ni pé kó má fi ṣe fọ́rífọ́rí. Ìmọ̀ràn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀sìn ni Bàbá, òfin ni wọ́n gbà á sí. Wọ́n gbà pé ọjọ́ tí àwọn bá ṣàlàyé ìdí tí àwọn fi ṣubú, àwẹ̀ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, tí ì bá sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi sọ kíláàbù wọn nù, wọ́n sọ orúkọ wọn nù, wọ́n sọ àbúrò wọn nù, nítorí wọn ò fẹ́ jẹ àwẹ̀ ọjọ́ kan. Mo sunkún. Mo tún bínú sí wọn, mo ṣì ń bínú báyìí tí mò ń kọ ọ́.

Alhaji Múdà wo lémọ́ọ̀mù. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ìyàwó. Ẹni tó wá bá wọn jà ló jẹ́rìí yìí, kò sì mọ̀ pé ẹ̀rí lòun ń jẹ́." Wọ́n ká apá aṣọ wọn dé ìgbọ̀nwọ́. Wọ́n wọ yàrá lọ, a sì gbọ́ ohùn wọn nínú ibẹ̀ tí wọ́n ń sọ fún àwọn yòókù pé, "Ẹ jẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Orókún ń dùn wọ́n."

Ní itẹ́ òkú, Alhaji ní àwọn ló máa wọ inú sàréè lọ gba Bàbá sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbàdí ń dun Alhaji fúnra wọn. Ọmọ Bàbá ni mí, mi ò wo ojú wọn. Ìbàdí ni mo wò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń kérora, wọn ò sì dìde títí Bàbá fi kan ilẹ̀.

Nígbà tí a délé, Aunty Morag jókòó sí etí àga, tàwọn ti kóòtù wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sí àga Bàbá. Aunty ṣí báàgì wọn, wọ́n wo fláàsì tíì, wọ́n sì tún pa báàgì náà dé. Wọ́n bi Ìyá Àgbà, "Kò sọ fún ìwọ náà?"

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Gbogbo ìgbà yẹn ni mo fi ń bínú."

"Mo mọ̀." Ìyá Àgbà lọ bu omi wá láti kíṣíìnì, wọ́n gbé ife náà síwájú Aunty. "Mu omi, Morag. Yésúfù ti ṣínu."

Yorùbá ni wọ́n fi sọ gbólóhùn yẹn, mo bá túmọ̀ rẹ̀. Aunty Morag wo inú ife náà títí, bí Bàbá ṣe máa ń wo iṣu. Lẹ́yìn náà wọ́n mu ún tán. Wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n dìde lọ sí àga Bàbá, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n sì na ife náà sí Ìyá Àgbà pé kí wọ́n tún bu sí i.